Ẹni Tó Gbá A Ló Ní Ó Jáde

Gbogbo ẹni tó wà ní kóòtù tẹníìsì ló rí i pé bọ́ọ̀lù náà wọlé. Kì í ṣe pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlé, kì í sì í ṣe pé ènìyàn ní láti fojú wá a. Orí ìlà funfun ló bọ́ sí ní gbangba, ó sì fi àpá roboto sílẹ̀ lórí amọ̀ pupa tí wọ́n ti fi omi rin láàárọ̀. Síbẹ̀, Alága ìgbìmọ̀ yunifásítì, tó dúró lẹ́yìn ìlà náà pẹ̀lú rákẹ́ẹ̀tì tuntun lọ́wọ́, na ìka sókè, ó ní, "Ó jáde."

Ìyá Kóòṣì ni ẹnìkejì Alága nínú eré náà, ìhà kan náà ni wọ́n jọ wà. Ó ní, "Rárá o, sà. Ó wọlé. Mo rí i."

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀, nítorí eré tí kò ní rẹfirí ni wọ́n ń gbá, òfin rẹ̀ kò sì le. Ẹni tí bọ́ọ̀lù bá bọ́ sí ìhà rẹ̀ ni yóò sọ bóyá ó wọlé tàbí ó jáde. Bí àwọn méjì tó jọ wà níhà kan ò bá fẹnu kò, a jẹ́ pé ó wọlé nìyẹn, kí àwọn tó kọjú sí wọn gba àmì ayò wọn, kí eré máa lọ. Bàbá Kóòṣì, tó wà lódìkejì nẹ́ẹ̀tì, tó jẹ́ pé òun gan-an ló gbá bọ́ọ̀lù ọ̀hún, ló máa ń fi òfin yìí há àwọn akẹ́kọ̀ọ́ létí títí wọn á fi máa lá a lálàá.

Àwọn kóòṣì méjèèjì yìí ló ń darí ẹ̀kọ́ ìṣàkóso tẹníìsì ní yunifásítì náà. Wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ bí a ṣe ń tọ́jú kóòtù, bí a ṣe ń so okùn rákẹ́ẹ̀tì, bí a ṣe ń kọ́ ọmọdé tí kò tíì mọ ọwọ́ òsì yàtọ̀ sí ọ̀tún, àti bí a ṣe ń darí ìdíje tí ẹnikẹ́ni ò fi ní bínú lọ sílé. Láti ìgbà èwe ni wọ́n ti jọ ń gbá bọ́ọ̀lù níhà kan náà, débi pé àwọn àlejò máa ń rò pé tọkọtaya ni wọ́n. Ìyàwó Bàbá Kóòṣì nílé kì í pe Ìyá Kóòṣì ní nǹkan mìíràn ju "ìyálé mi" lọ, á sì máa rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ìdánwò àṣekágbá ẹ̀kọ́ wọn ni ìdíje ọjọ́ náà. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ló máa ń darí rẹ̀ látòkèdélẹ̀, àwọn kóòṣì méjèèjì á sì gbá eré nínú rẹ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ náà lè ní àṣẹ lórí àwọn tó kọ́ ọ pàápàá. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n dá àṣà yìí sílẹ̀, wọ́n sì máa ń fi yangàn. Bí ó bá parí, àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ fẹnu kò kí akẹ́kọ̀ọ́ tó lè yege. Lọ́dún yìí, ọmọbìnrin kan ló kàn, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Jẹ́jẹ́ nítorí ohùn rẹ̀ kì í ròkè, kódà bí iná bá ń jó. Ilé eré ìdárayá kan ti ní kó wá máa kọ́ àwọn ọmọdé ní kété tó bá ti yege. Ìyá rẹ̀ ò tiẹ̀ dúró kó yege kó tó máa pè é ní kóòṣì lórí fóònù.

Ọ̀rọ̀ ò tán síbẹ̀ o. Bàbá Kóòṣì pariwo láti òdìkejì, ó ní, "Alága, ẹ ò ṣì í pè! Ó jáde. Mo gbá a jù."

Ìyá Kóòṣì kọ́kọ́ rò pé àwàdà ni. Ó ní, "Bàbá Kóòṣì, ẹ̀yin lẹ gbá a. Bọ́ọ̀lù yín ni. Ó wọlé."

"Ó jáde."

"Ó wọlé!"

"Mo ní ó jáde, Ìyá Kóòṣì!"

Irú rẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí. Ẹni tó ní àmì ní òun ò gbà á, ẹni tó pàdánù rẹ̀ ní dandan ni kí wọ́n jẹ́ kí òun pàdánù. Akọ̀wé àgbà yunifásítì, tó jẹ́ ẹnìkejì Bàbá Kóòṣì, ń wo ẹnu tibí, ó ń wo ẹnu tọ̀hún, kò mọ ẹni tí ì bá gbè lẹ́yìn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó jókòó sórí àtẹ̀gùn bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

"Ṣé ẹnu la ó máa fi jà á?" Ìyá Kóòṣì fi orí rákẹ́ẹ̀tì tọ́ka sílẹ̀. "Àpá rẹ̀ rèé. Kí ẹni tó lójú wá wò ó."

Bàbá Kóòṣì bá yí nẹ́ẹ̀tì ká. Ẹ̀rín wà lẹ́nu rẹ̀, ó ń rọra rìn bọ̀. Ó dé ibi àpá náà, kò bẹ̀rẹ̀ wò ó, ó kàn gbé bàtà lé e, ó sì fi nu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì títí àpá fi pa rẹ́. "Ó jáde," ló wí, ó sì wo ojú Alága.

Ẹ̀rín tán lẹ́nu àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Nínú tẹníìsì, ẹni tó bá rékọjá nẹ́ẹ̀tì lọ pa àpá bọ́ọ̀lù rẹ́ níhà ẹlòmíràn ti ṣe ohun tí ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ lánàá ò gbọdọ̀ ṣe. Ara Ìyá Kóòṣì gbóná látorí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Tó bá jẹ́ pé Alága ló nu ún, ì bá ní ọlọ́lá ò mọ òfin. Àmọ́ ẹni tí òun pẹ̀lú rẹ̀ jọ kọ́ gbogbo ọmọ wọ̀nyí! Lójú àwọn ọmọ náà!

Jẹ́jẹ́ wọ kóòtù. Ó gbọ́ tẹnu Alága, ó gbọ́ tẹnu Ìyá Kóòṣì, ó sì fi ohùn tó jẹ́ pé ńṣe ni wọ́n na ọrùn kí wọ́n tó gbọ́ ọ sọ pé, "Àwọn tó wà níhà kan ò fẹnu kò. Bọ́ọ̀lù wọlé. Bàbá Kóòṣì àti Akọ̀wé àgbà ló ni àmì." Ó wá yíjú sí olùkọ́ rẹ̀, ó fi eékún kan kanlẹ̀. "Ẹ má bínú, sà. Ẹ kọjá nẹ́ẹ̀tì, ẹ sì pa àpá bọ́ọ̀lù rẹ́. Mo kìlọ̀ fún yín, sà. Ìkìlọ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn."

Alága fajú ro, ó nu òógùn, ó ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀," ó sì padà sí àyè rẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bàbá Kóòṣì, tó lè fi bọ́ọ̀lù ta ìdérí ìgò sọnù láti ìpẹ̀kun kóòtù, bẹ̀rẹ̀ sí í gbá bọ́ọ̀lù wọ nẹ́ẹ̀tì. Èyí tí kò bá wọ nẹ́ẹ̀tì á fò lọ bá àwọn tó ń wòran. Bí Alága àti Ìyá Kóòṣì ṣe borí nìyẹn. Wọ́n gbé ife fún Alága, àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́, Ìyá Kóòṣì náà dúró síbẹ̀ ó ń yọ eyín bí ẹni tí wọ́n fún ní ọbẹ̀ kíkan tó ní láti lá tán nítorí onílé.

Ìyá Kóòṣì ló kọ́kọ́ dé ọ́fíìsì tí òun àti Bàbá Kóòṣì jọ ń lò. Yàrá kékeré ni, okùn rákẹ́ẹ̀tì kọ́ sára ògiri káàkiri, agbọ̀n bọ́ọ̀lù gba ìdajì ilẹ̀, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń so okùn sì gba ìdajì tó kù. Nígbà tí Bàbá Kóòṣì wọlé, kò jẹ́ kó jókòó.

"Kí lẹ fẹsẹ̀ nù yẹn?"

"Ìyá Kóòṣì, ẹ jẹ́ kí n mumi ná."

"Ẹ mu ún tán kẹ́ ẹ dá mi lóhùn."

Ó mu ún tán. Ó ní, "Ọbẹ̀ kì í mì níkùn àgbà. Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo, ẹ ò lè gbé e mì? Alága ní òun máa bá wa fi òrùlé bo kóòtù. Ẹ mọ bí òjò ṣe ń lé wa wọlé lójoojúmọ́. Ẹ sì dójú ti ọkùnrin náà níwájú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Ṣé ẹ rí bó ṣe fajú ro?"

"Mo rí i."

"Ọmọ yẹn náà tún wá da epo sí iná. Ó ń kìlọ̀ fún mi! Ẹ̀kọ́ ìṣàkóso là ń kọ́ wọn. Ẹni tí kò bá lè ṣàkóso ènìyàn ńlá, kí ló fẹ́ ṣàkóso? Mi ò ní fẹnu kò sí i. Kó padà wá lọ́dún tó ń bọ̀."

Ìyá Kóòṣì ò kọ́kọ́ mọ ohun tó máa sọ. Gbogbo ọjọ́ tí wọ́n ti ń bá ara wọn bọ̀, "ẹ" ló máa ń pe ọkùnrin náà, nítorí ó fi díẹ̀ jù ú lọ. Lọ́jọ́ yẹn, "ẹ" sọnù lẹ́nu rẹ̀.

"Ìwọ lo gbá bọ́ọ̀lù. Ìwọ lo parọ́ mọ́ bọ́ọ̀lù ara rẹ. Ọmọ ọlọ́mọ ṣe gẹ́gẹ́ bí o ṣe kọ́ ọ, o wá ní kó lọ fi ọdún kan gbáko jìyà rẹ̀? Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́ ni wọ́n wí. Ìwọ lo wà lọ́jà o, ìwọ náà lò ń fọwọ́ ara rẹ tẹ orí ọmọ náà!"

"Ẹ máa bú mi lọ. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà, ẹ̀yin náà gbọ́ ọ rí."

"Mo gbọ́ ọ. Mi ò mọ̀ pé ìwọ lo wà nídìí àtẹ tí wọ́n ti ń ta èké." Ó ṣílẹ̀kùn. "Ó dáa. Èmi ò ní bá ọ jẹ́ iṣẹ́ yẹn fún un. Fẹnu ara rẹ sọ fún un."

Ó pe Jẹ́jẹ́. Ọmọ náà wọlé, ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ agbọ̀n bọ́ọ̀lù, kò mọ ibi tó máa kó ọwọ́ sí. Bàbá Kóòṣì ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ó ní ọmọ náà darí ìdíje dáadáa. Ó ní kóòtù mọ́, omi tútù wà, ẹnikẹ́ni ò sì dúró pẹ́ kí eré tó kàn án. Ó ní ohun kan ṣoṣo ló kù: ọgbọ́n bí a ṣe ń bá àwọn ènìyàn ńlá lò. Nítorí ìyẹn, yóò tún ọdún náà ṣe.

Jẹ́jẹ́ mi orí díẹ̀. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà. Bọ́ọ̀lù yẹn, ṣé ó wọlé?"

Ìyá Kóòṣì wo ojú Bàbá Kóòṣì. Ó ń gbàdúrà kó má parọ́, ó sì ń gbàdúrà kó parọ́, kí òun lè rí nǹkan sọ lù ú.

"Ó wọlé," ni Bàbá Kóòṣì wí.

"Ẹ ṣé, sà. Tí mo bá padà wá lọ́dún tó ń bọ̀, kí ni mo máa wá kọ́?"

Bàbá Kóòṣì gbé bọ́ọ̀lù kan nínú agbọ̀n, ó ń tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ bí ẹni ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá afẹ́fẹ́ ṣì wà nínú rẹ̀. Ó ní, "Ohun tí mo sọ ni mo sọ." Jẹ́jẹ́ kí wọn, ó jáde. Wọ́n gbọ́ tó ń sọ fún ẹnì kan lórí fóònù níta pé, "Màámi, ẹ dákẹ́ ná, ẹ má tíì sọ fún ẹnikẹ́ni."

Ìyá Kóòṣì ò gbé e wò lẹ́ẹ̀kejì. Ó gba iwájú ọkùnrin náà kọjá, ó gba ẹ̀gbẹ́ kóòtù, ó wọ yàrá àlejò tí Alága wà láìkanlẹ̀kùn. Tí wọ́n bá máa lé òun lẹ́nu iṣẹ́, kí wọ́n lé òun tán lónìí.

Alága jókòó, ó ti bọ́ bàtà, ó na ẹsẹ̀ sí abẹ́ fáànù. Ife wà lórí tábìlì níwájú rẹ̀. Ó ti wọ awò ojú.

"Alága, ẹ má bínú sà," ni Ìyá Kóòṣì wí. "Bẹ́ ẹ bá fẹ́ kọ́mọ yẹn má yege, ẹ fẹnu ara yín sọ ọ́ fún mi, kí n gbọ́."

"Ọmọ wo?"

"Ọmọ tó dájọ́ bọ́ọ̀lù."

"Èyí tó ń kúnlẹ̀, tó sì ń kìlọ̀ fún àgbàlagbà?" Alága bú sẹ́rìn-ín. "Mo ti ń sọ fún Akọ̀wé pé irú rẹ̀ ló yẹ kó máa ṣọ́ ìpàdé ìgbìmọ̀ wa. Kí ló ṣe?"

"Wọ́n ní kó tún ọdún ṣe. Nítorí yín, sà."

"Nítorí èmi? Ta ló sọ pé mo bínú?"

"Ẹ fajú ro, sà. Gbogbo wa la rí i."

"Oòrùn ni mo fajú ro sí!" Alága fọwọ́ kan awò ojú rẹ̀. "Èmi tí mi ò rí nẹ́ẹ̀tì láìsí eléyìí. Mo rò pé ó jáde, mo ní ó jáde. Ẹ ní ó wọlé, ọmọ náà ní ó wọlé. Ó tán nìyẹn. Kí ló tún kù?"

Ọ̀rọ̀ wá yé Ìyá Kóòṣì. Kò sẹ́ni tó bẹ Bàbá Kóòṣì níṣẹ́. Kò sẹ́ni tó halẹ̀ mọ́ ọn, kò sẹ́ni tó ṣẹ́jú sí i. Òun fúnra rẹ̀ ló rán ara rẹ̀, tó jẹ́ iṣẹ́ náà, tó sì fẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ sanwó rẹ̀. Ìbínú tí Ìyá Kóòṣì gbé wọlé tún pọ̀ sí i, torí kò sí ọlọ́lá kankan mọ́ tí ó lè dá lẹ́bi.

Ife ni Alága ń wò. Ó ní, "Ṣùgbọ́n òun ló gbá bọ́ọ̀lù yẹn. Ó sì ní ó jáde."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ó wá fẹsẹ̀ nu àpá rẹ̀. Nítorí mi." Ó gbé ife náà, ó gbé e kalẹ̀. "Ìyá Kóòṣì, mo ti bá ọkùnrin yẹn gbá bọ́ọ̀lù lọ́pọ̀ ìgbà. Mo sì máa ń nà án. Ife kún ilé mi. Mo ti sọ fún àwọn ọmọ-ọmọ mi pé kò sí kóòṣì tó lè dúró níwájú mi. Ẹ sọ òótọ́ fún mi. Báwo ni mo ṣe ń gbá a?"

Ìyá Kóòṣì wá ọ̀rọ̀ tó rọ̀ díẹ̀, kò rí. Ó ní, "Ẹ máa ń gbìyànjú, sà. Ẹ máa ń gbìyànjú gan-an ni."

Ìgbà yẹn ni Alága wá bínú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ipá ti ẹsẹ̀ bọ bàtà, kò dúró so okùn rẹ̀. "Ẹ pè é fún mi. Kó mú rákẹ́ẹ̀tì dání. Kí ọmọbìnrin yẹn sì gun àga rẹfirí. Òun pẹ̀lú mi ni, kò sí ẹnìkejì. Kó gbá bọ́ọ̀lù bí Ọlọ́run ṣe dá a mọ́ ọn!"

Àwọn tó ti ń lọ sílé padà jókòó. Jẹ́jẹ́ gun àga gíga náà, ojú rẹ̀ pọ́n díẹ̀. Bàbá Kóòṣì dúró sí ìpẹ̀kun kóòtù, ẹ̀rín ò sí lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Alága pariwo pé, "Gbá a wá! Mo wọ awò ojú mi o!"

Bàbá Kóòṣì ló kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù. Bọ́ọ̀lù náà kọjá lára Alága kó tó gbé rákẹ́ẹ̀tì. Èkejì kọjá. Ẹnikẹ́ni ò pàtẹ́wọ́. Ní ẹ̀kẹta, Alága ṣe bí ọkùnrin, ó dá a padà. Bàbá Kóòṣì sáré wọ iwájú, ó gbá a sí igun, bọ́ọ̀lù bọ́ sórí ìlà, amọ̀ pupa fò sókè. Kó tó balẹ̀ tán, ìka Bàbá Kóòṣì ti wà lókè.

"Ó jáde!" ló wí. "Ẹ má bínú, Alága, mo gbá a jù."

Kò sẹ́ni tó ní kó sọ ọ́. Òdìkejì rẹ̀ ni wọ́n ní kó ṣe. Òun fúnra rẹ̀ dúró, ó ń wo ìka rẹ̀ lókè bí ẹni tí wọ́n gbé ìka ẹlòmíràn lé lọ́wọ́.

"Ó wọlé," ni Jẹ́jẹ́ wí látorí àga. "Bàbá Kóòṣì, ẹ̀yin lẹ ni àmì yẹn, sà. Ẹ gbà á."

Alága ju rákẹ́ẹ̀tì sílẹ̀. "Ṣé bó ṣe máa ń ṣe é látijọ́ rèé?" ló bi Ìyá Kóòṣì. Alága gba ẹnu ọ̀nà kóòtù jáde, okùn bàtà ń wọ́ nílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Kò sì sẹ́ni tó mọ̀ bóyá òrùlé kóòtù ti bá a lọ.

Bàbá Kóòṣì rìn lọ sábẹ́ àga gíga náà. Ìyá Kóòṣì mọ ọkùnrin náà, ó rí i pé èjìká rẹ̀ ti wó, àánú sì fẹ́ ṣe é. Ó rántí ohùn ọmọ yẹn lórí fóònù, ó sì lé àánú náà padà sí ibi tó ti wá.

"Ìwọ ọmọ yìí," ni Bàbá Kóòṣì ń kùn sínú, bí ẹni tó ń bá bàtà ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, "o yege. Èmi ni mo fìdí rẹmi."

"Ẹ sọ ọ́ sókè, Bàbá Kóòṣì," ni Ìyá Kóòṣì wí láti ẹ̀yìn rẹ̀. "Àwọn tó jókòó lẹ́yìn ò gbọ́."